Iṣu Kọkànlélógún

Gbodo tó ń gbẹ lórí àpáta ní òórùn kan tí kì í tán nímú ẹni. Ó dà bí omi iṣu tó fẹ́ kan, tí oòrùn wá gbà á sílẹ̀ lójijì. Òórùn yìí ló gba gbogbo ẹ̀yìn ilé wa kan ní Ògbòòrò láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí mo wà ní ìwé karùn-ún girama. Mo jókòó ti àpáta, mo mú ẹ̀ka igi kan dání, mo ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gbodo tí ìyá mi fẹ́ fi ṣe ẹ̀lùbọ́. Láàrin gbodo náà, bí ẹyin àparò nínú koríko, òkúta rédíò mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yáàrùn. Bàbá mi ló tò wọ́n sí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kò ní í bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òkúta rédíò tó bá ti rẹ̀, oòrùn ni oníṣègùn rẹ̀.

Ìyá mi pariwo láti ìdí ààrò pé, "Bí ewúrẹ́ bá jẹ gbodo, mo mọ ohun tí mo máa fi ewúrẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá gbé òkúta bàbá ẹ mì, ìwọ lo máa máa sọ̀rọ̀ bíi rédíò nínú ilé yìí o!"

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, òkúta náà gbọ́dọ̀ ti padà sínú rédíò. Ìṣirò ló ń bọ̀.

Ohun tó gbé ìṣirò dé orí rédíò kò ju pé a kò ní olùkọ́ lọ. Ọmọ Gánà ni Tíṣà Kofí tó ń kọ́ wa tẹ́lẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ pé bó bá ju ṣọ́ọ̀kì, kì í tàsé etí ọmọ. Lọ́dún tí ìjọba ní kí àwọn ará Gánà máa lọ sílé wọn, ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì onílà ńlá kan, ó gun ọkọ̀ elẹ́lùbọ́, ó lọ. Títí dòní, n kò rí ẹni tó lè ṣàlàyé fún mi bí ìlú tó ní tíṣà ìṣirò kan ṣoṣo ṣe máa lé ọ̀kan náà lọ. Àpẹẹrẹ ìyọkúrò nìyẹn, kò sí nínú ìwé kankan.

Ọ̀gá ilé ìwé wa kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní ká má bẹ̀rù, pé ẹ̀kọ́ ìṣirò kan wà lórí rédíò ní gbogbo àárọ̀ Sátidé fún àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ á máa ti Ìbàdàn wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣakí. A ó máa gbọ́ ẹ̀kọ́, a ó máa ṣe iṣẹ́ inú ìwé, a ó fi ránṣẹ́ padà, ẹnì kan tí a kò mọ̀ á máakì í, á sì dá a padà fún wa. Inú wa dùn dé ìdí. Olùkọ́ tí kò rí ni kò lè na ni.

Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àbúrò bàbá mi ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi ní Ìgbòho. Bí mo bá yege ìṣirò, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mò ń lọ. Bí n kò bá yege, ìdí máṣíìnì ni. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ kò fẹ́ràn mi. Ìgbà kan wà tí mo bá Gàníyù ẹ̀gbọ́n mi rán ìdí ṣòkòtò rẹ̀ tó ya. Ọjọ́ Jímọ̀ ló wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìforíkanlẹ̀ àkọ́kọ́ ni òwú já, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sì gbàgbé ohun tí wọ́n ń ké.

Bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu ni. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, kò sì ka àìgbọ́ rẹ̀ sí àbùkù. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ fún rédíò, ó ní, "Rédíò mi ò lè máa sọ ohun tí n kò gbọ́, kí n sì tún máa bá a yá òkúta rẹ̀ lóòrùn. Ohunkóhun tó bá wí, Àríkẹ́, wàá tú u fún mi. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mò ń gbọ́ wáàsí mi."

Báyìí ló ṣe di pé mò ń fi ọwọ́ kọ̀wé, mò ń fi ẹnu túmọ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ lé ewúrẹ́. Bí olùkọ́ orí rédíò bá ti kí wa káàárọ̀, bàbá mi á dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Á dákẹ́, á máa retí. Bí onítọ̀hún bá ti bọ́ sórí ìṣirò láìdáhùn, bàbá mi á mi orí. "Àwọn ọ̀mọ̀wé," ni yóò wí.

Ní Sátidé kejì ni x wọlé wa.

"Kí ló ní?" ni bàbá mi bèèrè.

"Ó ní ká wá x, Bàbá."

"Ta ni x?"

"A ò tí ì mọ̀ ọ́n. Iye tí a kò mọ̀ ni."

"Àlejò ni nígbà yẹn. Kí ló wá ń ṣe láàrin èrò?"

"Ó ní ká kó àwọn yòókù lọ sí òdì kejì, kó lè dá dúró."

Bàbá mi na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọlọ́gbọ́n lọkùnrin yẹn, bí kò tiẹ̀ mọ ìkíni. Àlejò tí kò sọ orúkọ ẹ̀, a kì í bi í léèrè lójú agbo. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ máa yọ àwọn tó yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ku òun nìkan, á jẹ́wọ́."

Láti ọjọ́ náà, x kò tún da ọkàn mi láàmú mọ́. Mo ti ka ìwé ìṣirò tó tó ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti ìgbà náà, n kò rí èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè keje nínú ìwé pẹlẹbẹ kejì ló dá wàhálà sílẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní igba iṣu ó lé ọgọ́ta. Ó tà á fún àwọn oníbàárà tí iye wọn jẹ́ x, ogún iṣu fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣẹ́ kù. Wá x. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣu á dùn mọ́ ọn.

"Ogún-ogún?" ló wí. "Èènì ńkọ́?"

"Kò sọ̀rọ̀ èènì, Bàbá."

"Kò sọ ọ́ nítorí ó rò pé ẹ ti mọ̀. Ṣé wọ́n máa ń sọ fún ọmọ pé kó mú ọwọ́ dání tó bá ń lọ jẹun ni?"

Mo rò ó, mo rí i pé òtítọ́ ni. Nílé wa, bí bàbá mi bá ka ogún iṣu fún ènìyàn, ẹyọ kan á gorí rẹ̀ dandan. N kò rí ọjọ́ kan tó tà á láìfi í sí i. Á ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí mo fún ní èènì lónìí, ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ yà lọ́jà tó ń bọ̀." Nítorí náà, mo fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní mọ́kànlélógún. Méjìlá nínú wọn rí gbà, iṣu mẹ́jọ ṣẹ́ kù. Mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé irọ́ ni, kò lè ṣe kó má ṣẹ́ kù. Mo fi ránṣẹ́, mo ń retí ìyìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé mi padà dé. Wọ́n fi tàdáwà pupa fa igi gbọọrọ lé orí ìbéèrè keje, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Níbo ni 21 ti wá? Ìdáhùn: 13."

Mo bú sẹ́kún. Mo ti ń gbọ́ ìró máṣíìnì ìránṣọ láti Ìgbòho. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò sunkún. Ó gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú bí ẹni tó lè kà á.

"Alátàdáwà Pupa yìí," ló wí, "kò tí ì ra iṣu rí láyé ẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò fún èèyàn ní èènì, níbo ló ti fẹ́ rí oníbàárà mẹ́tàlá? Ó béèrè ibi tí ọ̀kànlélógún ti wá? Ó dáa. A ó fi hàn án."

Ó lọ síbi tó to iṣu sí, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó fa ọ̀kan yọ tó tó itan ọmọdé. Ó ní kí n fi èédú kọ 21 sí i lára gàdàgbà. Ó ní kí n mú ìwé, kí n kọ ọ́ pé: "Sí Alátàdáwà Pupa. Ẹ béèrè ibi tí ọ̀kànlélógún ti wá. Oko mi ni. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Èmi ni Bàbá Gàníyù, Ògbòòrò." Ó kó méjèèjì fún Sàká, awakọ̀ tó ń kó ẹ̀lùbọ́ lọ sí Ìbàdàn, ó ní kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ sára àpò ìwé.

Mo bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní wọ́n á rò pé a fẹ́ fún wọn ní rìbá, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò.

"Rìbá?" ni bàbá mi wí. "Ẹ̀rí ni. Ṣé ẹni tó bá gbé ẹ̀rí lọ sí kóòtù, rìbá ló gbé lọ?"

Ìyá mi fi igi ìdáná ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí i. "Bàbá Gàníyù, ẹ ẹ̀ ṣe kúkú kọ ọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ẹ wá lọ ba ti ọmọ jẹ́ nítorí ẹyọ iṣu kan."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìwé kò dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò dé. Ìwé àwọn ẹgbẹ́ mi ń dé. Ìdánwò ti súnmọ́lé, àbúrò bàbá mi sì ti wá bèèrè bóyá kí òun sọ fún aránṣọ kó wá ibi tí mo máa sùn sílẹ̀. Bàbá mi pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ kí rédíò mọ́. Bí mo bá ń túmọ̀, á máa gbọ́, kò ní í jà. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Sàká já àpò ìwé kan sílẹ̀ níwájú ilé. Gbogbo iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti máakì. Lábẹ́ ìbéèrè keje, tàdáwà pupa tún ti kọ̀wé, lédè Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí: "Mo ti jẹ 21 náà. Iyán rẹ̀ kò ní kókó kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ìdáhùn ṣì jẹ́ 13. Lọ́jọ́ ìdánwò, jọ̀wọ́, fi èènì sílé."

Mo kà á fún bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀. "Ó jẹ ohun tó ní kò sí! Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó tún ní kò sí! Ẹni tó ń kọ́ yín ní ìṣirò nìyẹn, ẹ gbà mí o!" Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó gbé fìlà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó ní, "Àríkẹ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èmi ti gba tèmi. Lọ́jọ́ náà, gba ti Alátàdáwà Pupa."

Ní Ṣakí la ti jókòó ṣe ìdánwò. Ìbéèrè kẹrin ni ti obìnrin ọlọ́sàn kan tó ń di ọsàn méjìlá-méjìlá sínú agbọ̀n. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti kọ mẹ́tàlá. Mo wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Bàbá mi ló ń kọ̀wé. Mo fagi lé e, mo kọ méjìlá, ó sì ṣe mí bí ẹni tó jí ọsàn kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo agbọ̀n obìnrin yẹn. Lẹ́yìn náà ni x dé, pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, bàbá mi ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí òun tó mọ̀ bóyá kí òun yọ̀.

"Wọ́n ní kí n gba mẹ́fà, Bàbá. Márùn-ún ni mo gbà."

Ojú rẹ̀ rọ. "O dín ní kan."

"Rárá o, bó ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Márùn-ún sàn ju mẹ́fà lọ."

"Abájọ," ló wí, "tí wọn ò fi mọ èènì." Ó sì rán Gàníyù lọ sí Ìgbòho lọ sọ fún aránṣọ pé kó má wulẹ̀ tẹ́ ẹní.

Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo di tíṣà ìṣirò, mo sì padà sí Ògbòòrò láti kọ́ ọmọ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ fojú inú wò ó. Ìlú àwọn oníṣu ni. Ọdọọdún ni ọmọ kan máa ń fi èènì sínú ìṣirò, ọdọọdún ni mo sì máa ń fa igi pupa lé e lórí, tí mo máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Níbo ni 21 ti wá?" N kò tiẹ̀ jẹ iyán lórí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra ogún iṣu lọ́wọ́ Múfú. Mo kọ́ ọ níwèé. Ewú ti ń yọ lórí òun náà báyìí. Ó ka iṣu, ó dé ogún, ó gbọn ọwọ́. Mo dúró. Òun náà dúró.

"Múfú," mo ní, "ọ̀kànlélógún dà?"

Ó wo iṣu, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Háà, Tíṣà. Níbo ló ti wá? Ẹ̀yin náà lẹ fa igi lé e fún mi ní ìwé kẹta. Bàbá mi tiẹ̀ fẹ́ wá bá yín jà nígbà yẹn, a bẹ̀ wọ́n ni."

Ọmọbìnrin tó ń lé ewúrẹ́ lórí àpáta yẹn ló yẹ kó dá Múfú lóhùn. Òun ló gbà á gbọ́ débi pé ó sunkún lé e lórí. Èmi àgbà tí mo fi èènì sílẹ̀ gba kọ́lẹ́ẹ̀jì, owó ogún iṣu ni mo kà fún un. Mo ní kó bá mi kó wọn sẹ́yìn ọ̀kadà. Nígbà tí mo délé, mo tò wọ́n sílẹ̀, mo tún wọn kà, bóyá ó ti fi í sí i níbi tí n kò ti rí i.

Ogún ni. Ìdáhùn rẹ̀ pé.