Opó Inú Fíìmù Apá Kejì

Bí ẹnìkan bá kú ní ilé ọkọ àǹtí mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn kì í tan tẹlifíṣàn níbẹ̀ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Wọ́n á da aṣọ funfun bò ó. Rédíò pàápàá, ìròyìn nìkan ni wọ́n fi ń gbọ́. Mo mọ òfin yìí dáadáa, mo sì rú u nítorí iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Àbúrò ìyá mi ni àǹtí mi yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ọkọ rẹ̀ ń ta kásẹ́ẹ̀tì fíìmù ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Dókítà ti ń kìlọ̀ fún un láti ọjọ́ pípẹ́, kò gbọ́. Wọn ò bímọ, ọ̀rọ̀ yìí sì ni gbogbo ẹbí ń yí po láìsọ ọ́ síta. Ní ọjọ́ kẹta tí a sin ín, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọlé, ó na ọwọ́, ó ní kí àǹtí mi kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá. Orí ẹní ni àǹtí mi wà. Ó kúnlẹ̀ kó tó kó o fún un, nítorí àbúrò ọkọ, ọkọ náà ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹbí fi ìpàdé sí ọjọ́ tí ogójì bá pé, kí wọ́n lè sọ ẹni tó ni ín. Bí kọ́kọ́rọ́ náà ò bá padà, àpótí kan ni àǹtí mi yóò gbé padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Èmi nígbà náà, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kékeré kan lẹ́yìn Igbosere ni mo wà. Àṣìṣe inú ojú ìwé ni mo máa ń mú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Inú mi kì í dùn sí iṣẹ́ náà, nítorí mo rò pé mo mọ ìwé kọ ju àwọn tí mo ń bá tún tiwọn ṣe lọ. Ní ọjọ́ kan olótùú wa pè mí. Ó fẹ́ kí n kọ nípa fíìmù akọni tó ń fò yẹn, apá kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo Ìdúmọ̀tà ń sọ.

“Má fi akọni yọ wá lẹ́nu o,” ó ní. “Akọni ò yí padà rí. Àwọn òṣìkà inú ẹ̀ ni kó o sọ fún wa. Tó bá ti dùn, péèjì fíìmù ti di tìẹ.”

Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nílé. Ọkọ àǹtí mi ti mú un wálé ní ọ̀sẹ̀ tó kú, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àwọn kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo bẹ àǹtí mi. Ó wò mí títí.

“Pa ohùn ẹ̀,” ó ní. “Ojú nìkan ni kó o fi wò ó. Kó o sì ti ilẹ̀kùn.”

Ó wá yí ẹ̀yìn sí èmi àti tẹlifíṣàn, ó kọjú sí ògiri.

Báyìí ni mo ṣe wo fíìmù náà ní ọ̀sán gangan, tí etí mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìka mi wà lórí bọ́tìnì. Bí bàtà ẹnìkan bá dún, màá pa á. Bó bá kọjá, màá tún tàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò ọkọ kan ilẹ̀kùn, tó ń béèrè ohun tí kò ní láárí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo pa tẹlifíṣàn. Apá kìíní fíìmù yìí, ọkọ àǹtí mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo wa nínú ọgbà, ó ń fi ohùn òṣìkà sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọdé fi sá lọ bá ìyá wọn. Ti apá kejì yìí, kò sẹ́ni tó túmọ̀ nǹkan kan fún mi.

Òṣìkà mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀. Èkíní sanra, irin ni gbogbo eyín rẹ̀, ó ń dáná sun afárá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti wo fíìmù mẹ́ta kò ní bẹ̀rù irú rẹ̀ mọ́. Èkejì máa ń wo dígí kó lè di ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yẹn dára lójú, àmọ́ kì í rántí pààrọ̀ bàtà, bàtà yẹn ni mo sì fi ń dá a mọ̀. Ẹ̀kẹta ló mú mi. Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú àti ìbọ̀wọ́. Obìnrin aláṣọ dúdú kan ń sunkún létí sàréè ọkọ rẹ̀, kò tíì kúrò níbẹ̀ tí ọkùnrin yìí fi dé, tó na ọwọ́. Obìnrin náà mi orí. Ọkùnrin náà kò gbé ọwọ́ kúrò, títí obìnrin náà fi kó kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ara mi gbóná. Nígbà tí wọ́n fa obìnrin náà lọ ní ìparí, tí akọni sì fọwọ́ lé èjìká ọkùnrin yẹn, mo ní wọ́n ti tan akọni jẹ ni. Mo ní bí ayé ṣe rí náà nìyẹn.

Mo jókòó, mo kọ ọ́ ní ìjókòó kan. Mo kọ ọ́ pé: “Nínú àwọn òṣìkà fíìmù yìí, ẹni tó burú jù kò yọ idà, kò sì yin ìbọn. Ọwọ́ lásán ló nà, ó ní kí opó kó kọ́kọ́rọ́ wá kí omijé rẹ̀ tó gbẹ.” Mo kà á fún àǹtí mi kí n tó gbé e lọ. Kò ní ó dára, kò sì ní kò dára.

“Tún un kà,” ó ní. Mo tún un kà.

Sátidé tí ìwé ìròyìn náà jáde bọ́ sí ọjọ́ tí ogójì pé. Ó yẹ kí n ti ro ìyẹn, n kò rò ó. Ojú bàbá àgbà, olórí ẹbí náà, ti di bàìbàì, èmi ni mo sì máa ń ka ìwé ìròyìn fún un ní gbogbo Sátidé, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Nígbà tí a ti ibi àdúrà ogójì ní ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí gbogbo ẹbí jókòó tán, ó ní kí n kọ́kọ́ ka tòun kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo kà á títí mo fi súnmọ́ ojú ìwé náà. Mo wá dọ́gbọ́n ṣí ewé méjì pọ̀.

“O fo ewé kan,” bàbá àgbà ní. Etí rẹ̀ kò di bàìbàì.

Mo kà á.  Nígbà tí mo dé ibi ọwọ́ nínà, ẹnìkan wúkọ́. N kò gbójú sókè, àmọ́ mo rí bàtà àbúrò ọkọ tó rọra ń wọ abẹ́ àga lọ.

“Ta ló kọ ọ́?” àbúrò ọkọ bi mí.

“Wọn ò kọ orúkọ sí i, sà.”

“Fíìmù òyìnbó ni?” bàbá àgbà béèrè.

“Fíìmù òyìnbó ni, bàbá. Apá kejì ni.”

“Òyìnbó náà ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ opó.” Ó yí ojú síhà ibi tí àbúrò ọkọ wà. “Ọjọ́ kelòó nìwọ gba ti ìyàwó wa?”

“Ọjọ́ kẹta, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ rán mi. Ẹ ní kí n lọ gbà á kí ọjà má baà sọnù.”

“Èmi ni mo rán ẹ,” bàbá àgbà ní. “N ò rán ẹ lọ́jọ́ kẹta. Dá a padà.”

Ìpàdé náà parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ọkọ yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó dìde, ó gbé e sílẹ̀ níwájú àǹtí mi.  Mo rí i, inú mi sì dùn, kí n má purọ́. Olótùú fún mi ní ojú ìwé náà. Àǹtí mi ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ajé.

Ó ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà, àǹtí mi ti bọ́ aṣọ dúdú, òjò ń rọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, kò sí oníbàárà. Mo rí kásẹ́ẹ̀tì náà nísàlẹ̀ káńtà, mo ní kí n wò ó bóyá ó ṣì dára. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

Obìnrin aláṣọ dúdú náà ló fún ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ. Àbúrò ọkọ ni ọkùnrin oníbọ̀wọ́, kọ́kọ́rọ́ tó gbà sì ni ti kọ́bọ́ọ̀dù tí ìgò májèlé wà nínú rẹ̀. Òun ló ran akọni lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan.

Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo lọ bá àǹtí mi, mo sọ ọ́ fún un. Ó ń fi aṣọ nu eruku.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Èmi àti ọkọ mi la jọ wò ó.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nígbà yẹn?”

“Kí n sọ ọ́ kí ló ṣẹlẹ̀? Wàá kọ ọ́ pé opó ló pa ọkọ ẹ̀. Bàbá á ní kó o kà á lọ́jọ́ ogójì, níwájú gbogbo wọn. Èmi tí n ò bímọ.” Kò gbé ojú kúrò lára ohun tó ń nù. “Bí mo bá ní kó o má wò ó, wàá lọ wò ó níbòmíràn, wàá sì gbọ́ ohùn ẹ̀.”

A ò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àbúrò ọkọ fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbọn agbòjò rẹ̀ síta. Àǹtí mi kúnlẹ̀ kí i.

“Ìyàwó wa, fíìmù yẹn náà ni mo tún bá wá,” ó ní. “Èyí tí wọ́n kọ nínú ìwé ìròyìn. Mo ti wá a dé Jankara. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín nìkan ni mo ti lè rí i. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí ọkùnrin tí wọ́n fi mí wé.”

“Ó ti tán, ọkọ mi,” àǹtí mi ní.

Ó yíjú sí mi. Kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì gbóná lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn káńtà.

“Ó ti tán, sà,” mo ní.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ó ní ká bá òun fi ọ̀kan pamọ́ bó bá tún dé, ó sì padà sínú òjò.