Ìlà Èédú Ara Ògiri

Òórùn ewé tábà ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. O mọ bí ewé tábà ṣe máa ń rùn tí wọ́n bá sá a gbẹ tán, tó máa ń dùn díẹ̀ bí oyin, tó sì tún máa ń ta ni nímú bí èéfín. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti sá tábà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn náà ti wọ inú amọ̀ ògiri lọ, ó ti wọ igi àjà, kò sì jáde mọ́. Ìpẹ̀kun Ìsẹ́yìn ni ilé náà wà, níbi tí ọ̀nà Ìpàpó ti ń fi ilé sílẹ̀, tó ń wọ àárín igi emi àti koríko gíga. Páànù orí rẹ̀ ti pupa bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ti ṣí apá kan lọ, débi pé inú pálọ̀ ni mo dúró sí tí mo ń wo àwọsánmọ̀. Igi kékeré kan ti hù nínú yàrá. Mo fi téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ kọ́ ọrùn, mo ń wo ilé tí gbogbo àdúgbò ń yà fún, mo sì mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ.

Ọkọ mi, tó jẹ́ awakọ̀, ti kú lọ́nà Ìgbẹ́tì, lójú ọ̀nà oníyangí yẹn tó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Èmi àti ọmọ méjì ṣẹ́kù sí yàrá kan nínú agboolé wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Bí òjò bá ṣú, màá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sáré wọlé. Àwọn àna mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sí ẹni tó lé mi. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ mi ń múra ìyàwó, àwọn èèyàn sì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á wo igun kan, wọ́n á wo igun kejì, wọ́n á ní kí n kú iṣẹ́. Nígbà yẹn kò tíì pẹ́ tí a kúrò ní pọ́n-ùn bọ́ sí náírà. Ilé tuntun ń yọ káàkiri ìlú bí olú. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé àwọn ọmọ mi lè ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní máa fojú wọ̀n.

Ilé tí mo ń sọ yìí kò wọ́n, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn èèyàn. Wọ́n ní tí oòrùn bá kan àtàrí, tí ọ̀nà dá, wọ́n máa ń gbọ́ tí ọmọdé ń ṣeré nínú rẹ̀ láìrí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ín jẹ́ àgbẹ̀ tábà kan tó ti darúgbó, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láàárín ìlú. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí tó fi sọ fún mi pé ọmọ mẹ́ta ni òun bí sínú ilé náà, ìgbóná sì kó gbogbo wọn lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Ìyá wọn padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Òkèhò, kò sì wá mọ́. Òun náà ti ilẹ̀kùn, kò sì wọ ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ti fẹ́ ra ilé náà, àmọ́ ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Wọ́n fẹ́ wó o. Ó wá bi mí léèrè.

“Ṣé o bímọ?”

Mo ní ọmọ méjì ni mo ní.

“Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n á máa gbé?”

Mo ní ibẹ̀ ni. Ó mi orí, ó sì ní a ti parí ọ̀rọ̀.

Ó parí lọ́dọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò tó. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ló sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ìbàdàn tó ń yáni lówó ra ilé, téèyàn á máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Obìnrin ni ọ̀gá yìí, onígbàgbọ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, èmi ni mo sì ń rán aṣọ gbogbo ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi lọ. Akọ̀wé tó gbà wá lálejò kéré lọ́jọ́ orí, ó de táì, ó sì níwà. Ó ní kí n mú ìwé owó oṣù mi wá.

“Ta ló ń san owó oṣù fún yín, màmá?”

“Èmi náà ni.”

Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi ká ní ó rẹ́rìn-ín. Ó rọra ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ni wọ́n ń yá lówó. Aránṣọ lè ṣàìsàn, oníbàárà sì lè dẹ́kun wíwá. Ó tún ní ilé amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí àwọn lè rí tà bí mi ò bá lè san gbèsè náà. Ó bi mí nípa ọkọ mi, mo ní ó ti kú. Ó bi mí bóyá àna mi ọkùnrin kan á lè fọwọ́ sí i, kí ilé sì wà ní orúkọ onítọ̀hún. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá ilé-ìwé ti dá a lóhùn.

“Orúkọ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ. Bí mo bá ṣì ní ọmọ ilé-ìwé, obìnrin yìí á ní iṣẹ́. Èmi ni mo dúró fún un.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tán lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ, eruku ọ̀nà Ọ̀yọ́ sì wọ gbogbo ara mi. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbà, wọ́n sì pín owó náà sí méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ san ti bàbá. Ìyókù, tí mo máa fi kan òrùlé, á di ìgbà tí mo bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri tán tí akọ̀wé sì wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán kan bíríkìlà lọ kírun, ó ku èmi nìkan. Mo ń ṣí àwo oúnjẹ mi nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ kéékèèké tó ń sáré láti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Mo ní bísímílà. Mo gbójú sókè, mo sì rí páànù tó já, tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè tó ń fi lu igi àjà. Mo sọ fún ara mi pé òun náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ wá dúró, páànù dúró, ìró ẹsẹ̀ kò sì tètè dúró. Ìwọ ni mo ń sọ èyí fún. Ẹni yòókù tó bá bi mí, afẹ́fẹ́ ni mo máa ń sọ. N kò sáré. Mo dìde, mo tẹ̀ lé ìró náà wọ yàrá ẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ìlà náà. Wọ́n fi èédú fà wọ́n sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọ̀wọ́ kan fún ọmọ kan, ìlà kan lókè òmíràn, bí bàbá ṣe máa ń fà á nígbà tó bá fẹ́ mọ̀ bí ọmọ ṣe ń ga sí i. Aṣọ ọmọdé ni iṣẹ́ mi. Ojú lásán ni mo fi wò ó tí mo fi mọ ìwọ̀n aṣọ tí ì bá bá wọn mu, pé àgbà wọn ì bá wọ irú èyí tí ọmọbìnrin mi ń wọ̀ nígbà yẹn, pé èyí tó kéré jù kò tíì tó ẹni à ń rán aṣọ ilé-ìwé fún. Ìlà tirẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ògiri lásán ló kù lókè wọn, láìsí ohunkóhun.

Mo ní kí bíríkìlà fo ibẹ̀. Ó fò ó. Nígbà tí akọ̀wé dé láti Ìbàdàn, ó yẹ gbogbo yàrá wò, ó yìn wá, ó sì dé ibẹ̀. Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ògiri yẹn ló máa gbé igi òrùlé, àti pé amọ̀ tí a kò rẹ́ á máa fa omi. Ọ̀gá òun kò ní bèèrè ìdí. Bóyá ó parí tàbí kò parí ni á fẹ́ mọ̀. Ó ní òun á padà wá kí òjò tó rọ̀. Ìkùukùu sì ti ń kóra jọ lójú ọ̀run Ìpàpó lójoojúmọ́. A ti ká páànù àtijọ́ kúrò; bí òjò bá bá ilé láìní òrùlé, amọ̀ á yọ́, èmi á sì máa san gbèsè òkìtì ilẹ̀ títí ayé mi.

Mo lọ bá bàbá. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ ní kó ṣe. Mo kàn ro ẹjọ́ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì dìde. A jọ rìn lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí, ó dúró, ó tún dúró, ó sì wọlé. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí bíríkìlà.

“Gbé e fún mi.”

Bíríkìlà wo ojú mi, ó gbé irin ìrẹ́lé rẹ̀ fún un. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èyí tó kéré jù. Bó bá fẹ́ bo ọ̀wọ́ kan, á pe orúkọ kan jẹ́ẹ́, á sì lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn. Ó ń ṣe é gbágungbàgun, kò sì sí ẹni tó bá a tún un ṣe nínú wa. Ọ̀wọ́ ìkẹyìn ló wà nígbà tí ọmọbìnrin mi ti ilé-ìwé dé nínú aṣọ tí mo rán, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bàbá yíjú padà. Orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè sí ògiri ló fi pe ọmọ mi.

Ọmọ náà wò mí. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, sà.”

Bàbá mi orí, ó sì yíjú sí ògiri, ó parí rẹ̀.

Owó ìyókù jáde, òjò sì bá wa lábẹ́ páànù tuntun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ránṣọ san gbèsè náà tán. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bàbá máa ń yà kí wa, orúkọ yẹn ló sì ń pe ọmọ mi títí tó fi kú. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ara ọmọ mi bá gbóná díẹ̀, màá jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, màá máa tẹ́tí sí ilé. Ilé náà kò gba ọmọ kankan lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ọmọ mi di nọ́ọ̀sì ní Ṣakí, mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún bàbá lọ́jọ́ náà pé òun kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun rí ojú bàbá, òun sì rí i pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe orúkọ náà tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó ní títí dòní, bí wọ́n bá ń pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀ lọ́jà, òun á ti yíjú kí òun tó rántí.

Orúkọ mi ló wà nínú ìwé ilé náà, n kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀ n kò rò ó rí pé èmi nìkan ni mo ni ín. Àwọn ọmọ tó ni ìlà náà kò bà mí lẹ́rù mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni ọjọ́ tí èmi àti ọmọ mi kò ní sí mọ́, tí kò ní sí ẹni tó mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ń ga bọ̀ díẹ̀díẹ̀.