Ènì Ìyá Bàbá Mi

Bí mo bá ti gbóòórùn àkàrà, ìyá bàbá mi ni mo máa ń rántí. A jọ máa ń rìn ká ọjà Fìdítì, láti ìsọ̀ ọlọ́sàn dé ìdí alákàrà tó wà létí odò. Wọn kì í rajà láìgba ènì.

"Fi ènì sí i o, ọmọ kékeré wà lẹ́yìn mi."

Èmi tí mo ti hu irùngbọ̀n ni ọmọ kékeré náà. Wọ́n á fi ènì sí mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ọjà, ojú á sì tì mí.

Lẹ́yìn tí a sin wọ́n, mo dá lọ. Alákàrà fi ẹyọ kan kún tèmi láìjẹ́ pé mo bèèrè.

"Ènì Màmá nìyẹn."

Mo mú un dání títí ó fi tutù. Ó wù mí kí ojú tún tì mí.