Ọ̀nà Tó So Imú Mọ́ Etí

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ Ìyá Múfú, ohùn rẹ̀ ló ń jí mi fún ìrun àsùbáà. Kì í fọwọ́ kàn mí. Oríkì mi ló máa ń pè jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, n ó sì dìde. Lọ́jọ́ kan nílé wa ní Ìsọlọ̀, mo lajú, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ó jókòó tì mí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín. Kí ni mo ṣe fún yín?"

N kò gbọ́ ọ rárá. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá n kò ní gbọ́ ọ mọ́ láyé.

Mo ka á sí ọjọ́ ogbó. Odidi èmi tí mo jáde yunifásítì láyé ìgbà tí wọ́n ń fi adìẹ bọ́ wa lọ́jọ́ Àìkú, mo gbà kí ìyàwó mi máa kán àdín lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí mi létí! Etí wúwo bíi pé omi kún un. Imú náà ti dí fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n n kò so ó mọ́ etí. Nígbà tí dòdò jóná níbi tí mo jókòó sí, tí n kò gbóòórùn rẹ̀, Ìyá Múfú kò ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Aswani lọ́jọ́ kejì. Ó mú mi lọ sílé ìwòsàn ní Òṣòdì. A jókòó lórí bẹ́ńṣì títí di ọ̀sán.

Imú ni dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

"Dókítà, etí ló ń yọ mí lẹ́nu o."

"Bàbá, ọ̀nà kan ló so wọ́n."

Ó ní ẹran rírọ̀ bí èso àjàrà ló hù sínú imú mi. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀nà tín-ínrín kan wà láti ẹ̀yìn imú dé àárín etí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Imú tó wú ti dí i, omi sì dá sẹ́yìn awọ etí. Àdín wa kò lè débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán ohunkóhun sétí kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo fín oògùn símú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹran náà dín kù, kò tán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gba ihò imú yọ ọ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ le: ẹnu ni mo fi ń mí, orí ń fọ́ mi. Etí náà kò là lójijì. Ọwọ́ ni Ìyá Múfú fi ń jí mi nígbà yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì mi.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan. "Àjàní."

N kò mira.

"Àjàní!"

Mo tún di ojú.

"Ẹ ti gbọ́ o, bàbá ẹlẹ́tàn! Ẹ̀rín ń pa yín."

Dókítà ní ẹran náà lè tún hù, nítorí náà mo ṣì ń fín oògùn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti ń gbé ara yìí kiri, n kò mọ ọ̀nà tó wà nínú orí mi. Alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n tó lọ ṣe àlùwàlá, mo ní kí Ìyá Múfú pe oríkì mi lẹ́ẹ̀kan sí i.