Okùn Pupa Ara Dísìkì Màlámù

Bọ́lá, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kí ẹni tó bá kà á má bínú, orí mi ti ń gbàgbé nǹkan. Mi ò rántí ọdún náà mọ́. Àmọ́ ohun tí mo rí, ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Mi ò purọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ òkú.

Kwangila, lókè Ọya, ni mò ń gbé nígbà yẹn. Mò ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Màlámù ni ọ̀gá ibẹ̀. Áà, Màlámù! Tó bá ra kúlí-kúlí, á fọ́ ọ sí méjì, á ní, "Mai tsintsiya, ga naka." Onígbálẹ̀, gba tìrẹ. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, á wá máa rẹ́rìn-ín.

Inú àwọn dísìkì, irin pẹlẹbẹ báyìí, ni wọ́n ń kó orúkọ aláìsàn sí. Mi ò mọ̀wé. Màlámù wá so okùn pupa mọ́ èyí tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ó so funfun mọ́ àwọn tó ṣófo, kí n má baà ṣì í gbé. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti bàjẹ́. Inú dísìkì olókùn pupa yẹn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ọdún gbọọrọ kù sí.

Màlámù kú nínú ọyẹ́. Eruku ọdún yẹn, háà! Mo tú àwọn okùn náà, mo fọ̀ wọ́n, mo so wọ́n padà. Ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ẹnjiníà tuntun dé, ọmọbìnrin ará Ọ̀fà. Ó gbé àpótí oníhò mẹ́rin wá. Ó ní òun máa so dísìkì mẹ́rin pọ̀, wọn á máa ṣe bí ẹyọ kan. Tí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta tó kù á gbé ẹrù rẹ̀. Òun á wá pín inú rẹ̀ bí ẹni ń pín ilé sí yàrá, ti aláboyún lọ́tọ̀, ti ọmọdé lọ́tọ̀.

"Àmọ́ Bàbá, ohun tó bá wà nínú wọn tẹ́lẹ̀ á pa rẹ́ o. Èyí tó ṣófo ni kí ẹ fún mi."

Mo kó mẹ́rin olókùn funfun fún un. Ó kì wọ́n bọ ihò, ó jáde lọ ra omi. Gbogbo èèyàn ti lọ kírun. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Òórùn tùràrẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Màlámù jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́. Aṣọ funfun, fìlà rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò wo ojú mi. Ó na ìka sí ihò kẹta.

"Nawa ne," ló sọ, jẹ́ẹ́jẹ́. Tèmi ni.



Ilẹ̀kùn dún, ọmọ Ọ̀fà wọlé. Àga ṣófo. Ó ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì nígbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ ẹ̀kẹta."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bàbá náà ti di ẹnjiníà!"

Ó yọ ọ́ ṣá, ó fi kọ̀ǹpútà míràn wò ó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ ló kún ibẹ̀, gbogbo ìyá tó ti bímọ níbẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

Mo ní èmi ni mo ṣi okùn so. Ìyókù, mi ò sọ fún ẹnì kankan, àfi òní.

Ṣé inú ló ń bí Màlámù sí mi ni, àbí ó wá gbà mí sílẹ̀? Mi ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo rí ọ̀rẹ́ mi, mi ò sì kí i.

Ẹ̀yin tí ẹ bá jogún iṣẹ́ òkú, ẹ má tú ohun tó so. Ẹ ò mọ ẹni tó ń wò yín.

Ó tó. Bọ́lá, kà á sókè, kí n gbọ́.