Ọjọ́ Tí Wọ́n Kó Aṣọ Eré Lọ

Abẹ́rẹ́ làwọn òṣèré ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àtọmọge ló ti ń rán aṣọ fún ilé ìṣeré ìlú wọn. Ẹ̀yìn orí ìtàgé ni yàrá rẹ̀ wà, aṣọ ọba àti aṣọ alágbe sì jọ ń kọ́ sórí okùn kan náà.

Ìlú kejì tó wà ní ìpínlẹ̀ wọn náà ní ilé ìṣeré tirẹ̀. Bí orogún ni wọ́n ń ṣe síra wọn: bí ọ̀kan bá gbé eré jáde, èkejì á ní ọgbọ́n òun ló jí. Lọ́hùn-ún ni àbúrò Abẹ́rẹ́ ọkùnrin ti di olùdarí eré.

Ìgbà tó yá, ìjọba ní ilé ìṣeré kan ṣoṣo làwọn máa lè gbọ́ bùkátà rẹ̀. Wọ́n pe ìlú méjèèjì kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Abẹ́rẹ́ jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń gbẹnu sọ fún ìlú kejì.

“Òrùlé tiwọn ti jò tán,” lọmọkùnrin náà wí. “Inú òjò làwọn òṣèré wọn ń ṣeré.”

Irọ́ kọ́. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un níbi tí wọ́n ti jọ ń jẹun.

“Ikú ilé ló pa wá,” ni ọ̀kan nínú àwọn òṣèré sọ nígbà tí owó bọ́ sọ́wọ́ ìlú kejì.

Àbúrò Abẹ́rẹ́ ló bá ọkọ̀ wá kó aṣọ eré tí ìjọba ní kó di ti ìlú kejì. Abẹ́rẹ́ ò jẹ́ kí alábàárù fọwọ́ kàn án. Òun ló ń ká a. Nígbà tó ku àwọn aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, àbúrò rẹ̀ di etí kejì mú, wọ́n jọ ká wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa lọ. Yàrá yín ti wà níbẹ̀.”

“Rárá.”

“Iṣẹ́ ni mo ń ṣe, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀. O sì mọ̀ ọ́n ṣe.”

Láti ìgbà náà, aṣọ ilé ìwé ló ń tún rán níwájú ilé. Bí àbúrò rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á ní ara òun le, á sì pa fóònù náà.

Lọ́jọ́ kan ó wọkọ̀ lọ wo eré lọ́hùn-ún. Èrò kún dẹ́nu. Eré náà dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, ó dé ẹnu ọ̀nà àwọn òṣèré.

“Màmá, ta lẹ ń wá?” ni aṣọ́nà bi í.

Ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ̀.

“Kò sẹ́nì kankan,” ló wí, ó sì yí padà sí ibùdókọ̀.