Bàbá Alọṣọ Kì Í Làágùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ alágídí, ẹ bá mi wọ yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mo ń rán bọ́tìnnì tó bá já, tí mo sì ń tún etí aṣọ tó bá tú ṣe. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àga mi wà. Ẹni tó dojú kọ mí, tó dúró ti tábìlì ìlọṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ni Bàbá Alọṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi tó bá fẹ́ bú mi. Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí. Ó ní ẹnu mi mú ju èyí tí mo fi ń ránṣọ lọ.

Ká má purọ́, ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, kọ́là ló máa kọ́kọ́ lọ̀, ó di èjìká, ó di ọwọ́, kó tó wá kan ara. Kì í yí i padà, bí ọba ló ni ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ìlà ṣòkòtò rẹ̀ máa ń gún débi pé mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n rọra jókòó, kó má baà gé wọn lẹ́sẹ̀.

Èyí tó wá ń ya gbogbo èèyàn lẹ́nu ni pé kì í làágùn. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín omi ń rú sí i lójú, kò sì ní jẹ́ ká tan fáànù, nítorí ó ní fáànù máa ń mú omi tí òun wọ́n sáṣọ gbẹ kí áyọ́ọ̀nù òun tó débẹ̀. Síbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ á gbẹ táútáú. Èmi tí mo jókòó jẹ́jẹ́ á ti rin gbingbin. Èmi gan-an ni mo sì máa ń fi í yangàn fún àwọn oníbàárà: "Ẹ wo Bàbá wa, òógùn ń bẹ̀rù wọn." Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ á dùn.

Ìgbà tó yá ni ooru kan dé tí a ò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kìíní, a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ajá àdúgbò kò gbó mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, rédíò ti ń pariwo láti òwúrọ̀: kí oníkálùkù máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kí a fa kọ́tìnnì sí fèrèsé tí oòrùn bá ń gbà wọlé, kí a tún un ṣí nírọ̀lẹ́, kí a sì máa yọjú wo àwọn àgbà. Mo gbé ìgò omi ńlá méjì lọ síbi iṣẹ́. Mo bu fún Bàbá nínú ife, mo gbé e sétí tábìlì rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, gbé omi ẹ kúrò nídìí aṣọ aláṣọ."

"Bàbá, rédíò ní ká máa mu omi o."

"Ṣé rédíò ló ń bá mi lọ aṣọ ni? Tí mo bá délé, màá mu."

Mo gbé ife náà, mo mu ún fúnra mi. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Àṣé yàrá ẹ̀yìn wa ni ọ̀tá rẹ̀ sá pamọ́ sí.

Ó tó bí aago méjì ọ̀sán tí mo gbójú sókè nídìí iṣẹ́ mi. Bàbá ń lọ ṣòkòtò dúdú kan. Ó ti fa ìlà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sì tún ń fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjèèjì jọ ń lọ bí ojú irin rélùwéè. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ dẹ́rìn-ín pa mí ni.

"Bàbá, ìlà méjì la wá ń fà báyìí?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Ìyá mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná yẹn. Oúnjẹ ti ń jóná."

A kì í dáná ní yàrá yẹn, àkọ́bí rẹ̀ sì jù mí lọ. Mo dìde, mo fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ara rẹ̀ gbóná bí abẹ́ áyọ́ọ̀nù, ó sì gbẹ, kò sí ẹ̀kán òógùn kan ṣoṣo níbẹ̀. Gbígbẹ tí mo ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí ló wá ń bà mí lẹ́rù.

Mo fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, mo figbe ta. Màdáàmù, ẹni tó ni ilé ìfọṣọ wa, sáré wọlé láti iwájú, nọ́ọ̀sì kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ló rán obìnrin yẹn sí wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wo ojú Bàbá tó fi ní kí Màdáàmù pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn kíákíá. Èmi ti gbé ife omi, mo fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu.

"Má dán an wò!" ni nọ́ọ̀sì fi pariwo mọ́ mi. "Ọkàn rẹ̀ ò sí níbí, omi yẹn lè gba ibi tí kò yẹ. Òde ara ni ká ti mú un tutù. Kí lẹ ní tó tutù nílé yìí?"

Mo ti sáré dé ìdí ọpọ́n ìfọṣọ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn aṣọ ìtẹ́bùsùn òtẹ́ẹ̀lì kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan wà níbẹ̀, omi ṣì ń kán lára wọn. A tẹ́ méjì sílẹ̀, a tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá, a tẹ́ Bàbá lé wọn lórí, a sì fi méjì mìíràn bò ó. Nọ́ọ̀sì ki tówẹ́ẹ̀lì tútù bọ abíyá rẹ̀ méjèèjì, ó wé ọ̀kan mọ́ ọn lọ́rùn. Màdáàmù tan fáànù, ó kọjú rẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bàbá la ojú, ó ní, "Ta ló tan fáànù?" Ẹkún ni mo ń sun, ẹ̀rín ni mo ń rín, mi ò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn. Dókítà ní ká ní ó tún fi wákàtí kan pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Màdáàmù lọ kí i. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó di ife omi mú bí ẹni di ìbọn mú.

"Kí ni mo gbọ́ yìí, Bàbá?" ni Màdáàmù bi í. "Wọ́n ní ẹ kì í mu omi rárá tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́?"

Bàbá kọjú sógiri. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn, Màdáàmù. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ìfọṣọ lọ́wọ́ màmá yín ni. Òógùn wọn kán sí aṣọ funfun ìyàwó kan, ẹ wá ní tí wọn ò bá lè káwọ́ òógùn wọn, kí wọ́n lọ jókòó sílé. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti jáde nílé, omi ò kan ètè wọn mọ́ àfi tí wọ́n bá padà wọlé. Wọ́n ní ẹni tí ò bá mu ún, kò ní làágùn rẹ̀."

Màdáàmù ní, "Mi ò tiẹ̀ rántí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó sọ ọ́ ti gbàgbé, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ti fi ọ̀fun gbígbẹ gbé e kiri fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú bí mi sí Màdáàmù. Ó bí mi sí Bàbá pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó sì bí mi sí ara mi jù, èmi tí mo ti ń fi ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe fáàrí láti ọdún mọ́kànlá.

Bàbá kò tíì yíjú padà. Ó rọra béèrè pé, "Ṣé ẹ ti rí ẹlòmíràn tó máa lọ aṣọ?"

"Tábìlì yín ń dúró dè yín," ni Màdáàmù wí. Mo rí i pé Bàbá kò gbà á gbọ́.

Ooru ò tíì lọ nígbà tí Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwa ti yàtọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, nígbà tí ògiri ṣì tutù. Bó bá di aago mọ́kànlá, a ti ti ilẹ̀kùn, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó tún ṣí. Fáànù ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Bàbá. Ó kùn títí ó fi sú u, ó wá ń wọ́n omi ní ìlọ́po méjì sáṣọ. Ní ogoogún ìṣẹ́jú, mo máa ń lu agogo tó wà lórí káńtà, gbogbo wa á sì mu omi. Bàbá ń mu tirẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń mu oògùn kíkorò, ó ń dijú, ó ń bú mi.

"Abẹ́rẹ́, o ti wá di agogo báyìí, àbí?"

"Ẹ mu ún tán, Bàbá. Mo ń wò yín."

Ọjọ́ kẹrin tó padà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló wà níwájú rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́ tán pátá, ó ku kó ká a. Ó tẹ̀ wá síwájú, ẹ̀kán òógùn kan já bọ́ láti iwájú orí rẹ̀, pó, sáàárín àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ó dúró bí ère. Màdáàmù ń gbé apẹ̀rẹ̀ kọjá lọ́wọ́ yẹn, ó sì rí i. Èmi náà dá abẹ́rẹ́ dúró. Bàbá ti áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń múra àtilọ sílé.

"Màdáàmù, ẹ má bínú, mo..."

Màdáàmù gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì náà kúrò lórí tábìlì, ó rún un mọ́wọ́, ó sì jù ú sínú ọpọ́n omi.

"Bàbá," ó ní, "iṣẹ́ wo la ń ṣe níbí?"

Bàbá wò ó, ó wo ọpọ́n. "Aṣọ là ń fọ̀," ló dáhùn.

"A ó tún un fọ̀ nìyẹn. Ẹ mu omi yín."

Òógùn ti ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, kò nù ún. Ó gbé ife, ó mu ún tán, ó sì na ife òfìfo náà sí mi pé kí n tún bu òmíràn wá.